Ìkéde Ọjọ́ Jímọ̀ fún Àbúrò Mi

Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ará Manigri pé ewúrẹ́ ta ló sọnù. Èmi náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ta ló kú. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ka ìkéde lédè wa ní ràdíò kékeré kan ní Bassila, bí ẹ bá sì bi mí pé báwo ló ṣe ń rí lára mi, n ó ní kò rí báyìí, kò rí bọ̀hún. Ẹni tó bá ń gúnyán lójoojúmọ́, apá kì í ro ó mọ́. N ó ka òkú méjì, n ó ka ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ, n ó ka òkú kẹta, n ó kí gbogbo èèyàn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, n ó sì lọ ra ẹ̀wà jẹ. Àwọn kan ní ojú mi le. Kí wọ́n wá kà á nígbà náà, ká wo bí ojú tiwọn yóò ṣe rọ̀ tó. Ẹ má sì bínú pé n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Orúkọ ti sú mi í pè.

Ilé oníyàrá mẹ́ta ni ràdíò náà, òpó irin gíga kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bassila kì í ṣe ìlú wa. Àwọn Anii ló nilẹ̀, ibẹ̀ ni méèrì wà, ibẹ̀ ni ọjà ńlá wà, àwọn náà ló sì ni wákàtí tó pọ̀ jù lórí ràdíò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Faransé ní tirẹ̀, Kotokólí ní tirẹ̀, Fúlàní ní tirẹ̀. Àwa ará Manigri ní wákàtí kan lóòjọ́, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èèyàn ti ń ti oko dé. Tẹlifíṣọ̀n ń bẹ o, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ wá. Bí mínísítà bá ṣí afárá ní Kútọnú, a ó rí i. Bí afárá tiwa bá wó, àfi kí n kà á.

Oníròyìn kan ti Kútọnú wá nígbà kan láti kọ́ wa níṣẹ́. Ó wọ bàtà tó ń dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tó wà láàárín òkun. Ó ní níbẹ̀, ràdíò kan ni, ìwé ìròyìn kan ni, gbogbo ìlú sì mọ ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ka ìròyìn máa ń mọ ẹni tí ìròyìn náà ń bá wí. Ó ní iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀ le ju ti ìlú ńlá lọ nítorí ìyẹn. Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní àwa ará Manigri náà, erékùṣù ni wá, èdè ẹlòmíràn ló yí wa ká. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ nǹkan kan. N kò rí òkun rí láyé mi, ọ̀nà ọlọ́dà sì gba àárín ìlú wa kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó iṣu wa lọ tọ̀sán-tòru. Erékùṣù wo? Mo bínú sí i títí ó fi lọ. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ọkùnrin náà ò purọ́.

Ọdún tí kajú ò so dáadáa ni àbúrò mi lọ sí Nàìjíríà. Òun ni ìyá wa bí kẹ́yìn, mo sì fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Nínú ọmọ márùn-ún, àwa méjì ló kù fún un. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ àwọn kan, ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni, òun á padà wá kọ ebè. Ó gbé àpò kan, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ iṣu, ó lọ. Ó pè wá fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, bí a bá pe nọ́ńbà rẹ̀, obìnrin kan ni yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, a ò sì mọ ohun tó ń sọ. Ìyá mi a máa kí obìnrin náà. A máa ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi pè é.” Mo ní, “Ìyá, ẹ̀rọ ni.” Ó ní kí n dákẹ́, ẹ̀rọ náà lètí.

Nígbà tó pé ọdún kan tí a ò gbúròó rẹ̀, ìyá mi gbé gèlè wé, ó wá bá mi ní Bassila. Ó ní kí n fi í sí ràdíò. Mo ṣàlàyé fún un pé ràdíò wa ò dé Nàìjíríà, pé lápá òkè, kò ju Alédjo lọ, lápá ìsàlẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti kọjá àwọn abà tó tẹ̀lé Manigri díẹ̀, ariwo ṣàà nìkan lèèyàn ń gbọ́ nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó ní, “Ràdíò ò dé, ẹnu èèyàn náà ò dé ni? Gbogbo àwọn dírẹ́bà tó ń kó iṣu lọ, adití ni wọ́n?” Ìyá mi ò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn jù mí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lọ sóko lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ràdíò. N ó pe orúkọ rẹ̀, n ó pe orúkọ bàbá wa, n ó sọ ọdún tó kúrò nílé, n ó ní ìyá rẹ̀ ń wá a, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i sọ fún un pé àlàáfíà ni wọ́n wà, kò sí ìjà, kí ó máa bọ̀ nílé. Kò ju ìlà márùn-ún lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, n kì í wo ìwé mọ́ kí n tó kà á. Bí mo bá lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ìyá mi á fi mí ṣẹ̀fẹ̀. “Ìyá ràdíò, o káàbọ̀. Ohùn rẹ gbẹ lánàá. Ṣé wọn kì í fún yín lómi níbẹ̀ ni?” A ó rẹ́rìn-ín, n ó jẹun, n ó sùn.

Ọdún méjì lé díẹ̀ ni mo kà á báyẹn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dírẹ́bà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà bùrò wa. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ohùn yẹn?” Mo ní èmi ni. Ó ní òun máa ń wá kó iṣu ní Manigri, òun sì máa ń gbọ́ mi ní ọjọ́ Jímọ̀ bí wọ́n bá ń di ẹrù. Ó ní orúkọ yẹn wọ òun létí débi pé, gbogbo ọjà tí òun bá ti já ẹrù ní Nàìjíríà, òun máa ń béèrè. Ó béèrè títí, ó fi bọ́ sí abà kan tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní kí ó jókòó, kò jókòó. Ó ní, “Wọ́n ní ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Wọ́n sin ín dáadáa, wọ́n kírun sí i lára.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ kú wàhálà. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó dé fìlà, ó lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ebi ń pa mí. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin tó ń bẹ lódìkejì ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ tán, mo nu ọwọ́ mi. Aago mẹ́rin lù, mo jókòó sídìí míkírò, mo kí àwọn èèyàn, mo ka ìkéde àwọn tó ń dáná sun igbó. Nínú gbogbo ọdún méjì yẹn, òkú ni mo ti ń pè pé kó máa bọ̀ nílé. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, kò ṣe mí bí ẹni pé èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ara mi kú pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá bàbá kékeré, àbúrò bàbá wa, ẹni tó di olórí agbo ilé láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó ní, “Ìnnà lìllàhí.” Ó ránṣẹ́ pe àgbà méjì, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n pè mí padà.

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Òkú àgbà là ń kéde. Bí àgbà bá kú, a ó lu agogo, a ó sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, n ó kà á ní ràdíò, a ó sì jẹun sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í kéde rẹ̀. A kì í sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá gbọ́ ọ, àwọn àgbà ni yóò wá ọjọ́ tó bá wọ̀, àwọn náà ni yóò fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Orúkọ ọmọ náà gan-an, a ó máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, kí ọgbẹ́ má baà ṣí. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń ṣe é.

Èmi ní kí wọ́n sọ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní ṣebí àwọn àgbà náà ló ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ.

Bàbá kékeré wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò kú rí ló pa òwe yẹn. Ìyá rẹ ní tánsíọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣé o fẹ́ ká sin ín tẹ̀lé e?”

“Nígbà wo la ó wá sọ ọ́?”

“Kí a gbin iṣu tán.”

“Ìkéde ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?”

“Máa kà á. Ọjọ́ tí o bá dá a dúró, ọjọ́ náà ni yóò mọ̀.”

Mo ní ó dáa, bàbá. Kí ni n bá tún wí?

A gbin iṣu tán, ó ní kí ààwẹ̀ kọjá. Ààwẹ̀ kọjá, ó ní kajú ń jábọ́, ilé ò sí ẹnikẹ́ni, ta ni yóò wà pẹ̀lú obìnrin náà? Kajú tán, tánsíọ̀n ìyá mi gbéra, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ méjì, bàbá kékeré ní ṣé mo rí i bí? Òjò dé, ó ní ẹ jẹ́ kí iṣu tuntun jáde ná. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, àwọn bàbá wa mọ bí a ṣe ń pa òwe yẹn, wọn ò mọ̀ pé àwọn ló ń bá wí.

Mo ń kà á. Kí ló burú níbẹ̀? Ìlà márùn-ún ni. Mo ń sọ pé ìyá rẹ̀ ń wá a, òótọ́ ni. Mo ń sọ pé àlàáfíà ni a wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé, ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń sáré kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí fórọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ Manigri ń kọ̀wé sí lórí fóònù láti ọjọ́ kẹta tí dírẹ́bà yẹn wá, àwọn tó wà ní Kútọnú àti Párákú ti kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Olórí fórọ́ọ̀mù sáré pa á rẹ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ìyá gbọ́. Ìyá wo? Fóònù tí kò lè ya àwòrán ni ìyá mi ní, nígbà tó bá tiẹ̀ ní. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ìlú odindi yóò jókòó ti ràdíò, wọn yóò gbọ́ tí mo ń pe òkú, wọn yóò sì ṣe bí ẹni pé alààyè ni mò ń pè. Ẹnikẹ́ni ò sì bi mí ní nǹkan kan nínú ọjà. Mo rántí ọkùnrin Kútọnú nígbà náà, ohun tó wí nípa ẹni tó ń ka ìròyìn. Ara mi kì í yá láti lọ sílé mọ́. Bí mo bá tiẹ̀ lọ, ìyá mi á ní, “O sáré ka tọ̀sẹ̀ yìí. Ewúrẹ́ ló ń lé ọ ni?” N ó ní àkókò ni kò tó, ìyá. N ó wá iṣẹ́ kan ṣe níta.

Ní ọjọ́ Ajé kan nígbà tí iṣu tuntun ti jáde, dírẹ́tọ̀ wa pè mí wọ bùrò. Ọmọ Anii ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó kí mi kú àdánù àbúrò mi, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń retí kí èmi fúnra mi wá sọ ọ́ ni. Ó ní, “Màdáámù, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa ló mọ̀. Ràdíò ò gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn gbà wá gbọ́. Ìyẹn nìkan la ní, a ò ní nǹkan mìíràn.” Ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni kó jẹ́ ìkẹyìn.

Inú bí mi. Mo ní ṣé ìyá tirẹ̀ ló ń jókòó ti ràdíò? Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí ọ̀gá mi. Mo jáde, mo gbá ilẹ̀kùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé òun ló jàre.

Mo padà lọ bá bàbá kékeré. Mo ní wọ́n ń dá a dúró, ọjọ́ mẹ́rin ló kù, kí àwọn àgbà lọ sọ ọ́. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì yẹn rìnrìn àjò, kí a dúró dè é. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀yin ò fẹ́ sọ ọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà yín.” Ó ní kí n dìde níwájú òun. Mo dìde.

Ní ọjọ́ Alàmísì, mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Manigri. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bẹ iṣu tí yóò sá fi ṣe èlùbọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gba ọ̀bẹ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bẹ. Àyà mi ò já. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń to ìkéde: èyí á ṣáájú, èyí á tẹ̀lé e.

Mo ní, “Ìyá, wọ́n fẹ́ dá ìkéde ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dúró.”

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lára iṣu. “Ta ni wọ́n?”

“Dírẹ́tọ̀ wa.”

“Kí ló dé?”

“Nítorí pé...” Gbogbo ohun tí mo tò fọ́n ká.

Ó ní, “Nítorí pé ọmọ mi ti kú.”

Ó ju iṣu tó bẹ sínú agbada, ó mú òmíràn. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí n lọ bá a jà.

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ohun tí mo fi mọ̀ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mo máa dé ìdí ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan ò ní ní, ‘Ìyá, ṣé ẹ ti gbúròó ọmọ yẹn?’ Ó tiẹ̀ ń bí mi nínú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ mú jù, mo gbé garawa dé ibẹ̀. Gbogbo wọn kí mi. Wọ́n kí mi jù. Wọ́n fa omi fún mi, wọ́n gbé e rù mí, kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ. Ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó béèrè. Ọjọ́ kẹta, mo gba oko lọ.”

“Ẹ sì jẹ́ kí n máa kà á?”

“Mo rò pé o ò tíì gbọ́. Ṣé èmi ni n ó wá fi ẹnu mi sọ fún ọ? Nígbà tó yá, o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kà á. Mo wá mọ̀ pé o mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n dákẹ́ nígbà náà?”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí. “Nínú ilé yìí, ẹnì kan ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá kékeré rẹ ò pè é. Àwọn ìyàwó ilé ò pè é. Ẹni tó bá ń bá a jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n ń wá orúkọ mìíràn fún un bí mo bá ti ń kọjá. Ọmọ tí mo bí, tí mo sọ lórúkọ. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ ọ. Ṣé kí n wá ní kí o dákẹ́?”

Mo wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ. Ojú tèmi náà gbẹ. A bẹ iṣu yẹn tán, a sá a sórí àpáta, a lé ewúrẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó ní, “Kà á lọ́la. Má sáré o.”

Mo kà á. Abẹ́rẹ́ màlúù ló ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn náà òkú bàbá arúgbó kan, òun ló tẹ̀lé e. N kò sáré. Mo pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀, mo pe orúkọ bàbá wa délẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ń wá a. Ohùn mi ò gbọ̀n. Dírẹ́tọ̀ dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wò mí, mo sì tẹjú mọ́ ọn bí mo ṣe ń kà á lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ka ìkéde kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, mo kí àwọn èèyàn, mo pa míkírò.

Fóònù mi dún kí n tó jáde. Nọ́ńbà ìyàwó bàbá kékeré ni, ohùn ìyá mi ló wà níbẹ̀, ó ń pariwo bí àwọn àgbà ṣe máa ń pariwo sínú fóònù.

“Mo gbọ́ ọ!”

“Ẹ ṣé, ìyá.”

“Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti sunkún?”

Mo ní n kò ráyè. Ó ní, “Gun zẹ́mì wá nísinsìnyí.”

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, ní gbangba, níbi tí gbogbo agbo ilé ti lè rí wa. Bàbá kékeré wà lórí àga rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbójú sápá kan. Ìyá mi ní kí n jókòó, mo jókòó. Ó ní, “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ti sun tèmi nínú oko, níbi tí ẹnì kan ò ti rí mi. Wọn ò jẹ́ kí n sun ún nílé. Tìrẹ ló kù. Pè é.”

Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá wa.

Ó gbé ọwọ́ sókè. “Kì í ṣe ti ràdíò. Bí o ṣe ń pè é nígbà tí o máa ń pọ̀n ọ́n.”

Orúkọ kékeré ni, ọmọ tí kò tíì léyín lè pè é. Mo la ẹnu, kò jáde. Mo tún la ẹnu. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ń dúró dè mí. Nígbà tó máa jáde, ẹkún ló gbé e jáde, mo sì ń ké e léraléra títí gbogbo ará ilé fi jáde síta, tí bàbá kékeré fi dìde lórí àga rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.